Odi Òrùlé Elifeleti

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwa ará Gati-Ṣakedi kò mọ àdúrà gbà, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Elifeleti ọmọ Hasupa rí. Ìlú wa kò tóbi. Orí òkè ló wà ní ilẹ̀ Juda, bí ẹnì kan bá sín níhà ìlà-oòrùn, ẹni tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn á kí i pé pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, ìlú kékeré yìí ní olórí kan tí àdúrà rẹ̀ gùn ju odi ìlú lọ. Òun ni olórí àwọn àgbà tí ń jókòó ní ẹnu ibodè láti dájọ́, ó sì ti dá a lójú pé láti ọjọ́ tí Olúwa ti dá ayé, ẹnì kan kò tíì bẹ̀rù Rẹ̀ tó òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé ó lè jẹ́ Olúwa nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ló ṣe fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ń fi hàn wá.

Òfin wa ní kí olúkúlùkù ọkùnrin ṣe wajawaja sí etí aṣọ rẹ̀, kó lè máa rántí àṣẹ Olúwa. Tiwa kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ti Elifeleti ń gbálẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kan tó dúró ní gbàgede tó ń kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀, ewúrẹ́ kan wá láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ọ̀kan nínú wọn. Kò sí ẹni tó lè ta á lólobó, nítorí ó ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu, Olúwa ló já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ yóò fi parí, ewúrẹ́ ti dé ibi orúnkún. Bó bá ń gbààwẹ̀ ńkọ́? Á da eérú sórí, á wá gba ọ̀nà tó jìn jù lọ dé ẹnu ibodè, kí ojú kankan má bàa ṣèèṣì fò ó. Hogla ìyàwó rẹ̀ ní í fi ajọ̀ jọ eérú náà fún un, nítorí eérú tí wọn kò jọ̀ a máa yún un lórí.

Ó ní ọkùnrin kan tí ń tẹ̀ lé e kiri, Bukki lorúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣe Àmín lọ. Kí Elifeleti tó yọ sí ẹnu ibodè láàárọ̀, Bukki á ti ṣáájú, á máa kígbe pé kí a dìde, ẹni tí Olúwa kì í dá nǹkan ṣe láìbi í ń bọ̀. A óò dìde. Àwọn arúgbó tó ti jókòó láti ìgbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ á gbé ọ̀pá, wọn á dìde, eegun wọn á máa dún kẹ́kẹ́. Nígbà tí gbogbo wa bá tún jókòó tán, Elifeleti á bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ tí a mú wá á sì máa dúró de òun àti Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí ìjọba rẹ̀ fún yín, torí ọgbọ́n ńlá ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ìbéèrè tó le, kì í dáhùn. Á kàn gbé ojú sókè, á la apá méjèèjì, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ta ló máa dá ẹni tó ń gbàdúrà dúró? Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ á dúró títí, ebi á pa á, á gba ilé lọ. Báyìí ni Elifeleti ṣe ṣèjọba pẹ́ láìdáhùn ìbéèrè kan.

Ẹnì kan wà láàárín àwọn àgbà náà tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, Ṣuhamu ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin kúkúrú kan tó ní ọgbà ólífì ní ìsàlẹ̀ òkè. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun náà gbàdúrà ní ẹnu ibodè, ohun tó sọ ni pé, “Olúwa, o ṣé. Ràn wá lọ́wọ́.” Ó sì jókòó. Bukki tó ti mí sínú láti ṣe Àmín kò tilẹ̀ rí àyè ṣe é. Elifeleti mi orí, ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń pe ewúrẹ́ wọlé, kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe ń pe Ẹlẹ́dàá. Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín gan-an. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, kí n má purọ́ fún yín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọkà báálì gbó, ìròyìn dé láti Jerúsálẹ́mù. Ọba ń wá adájọ́ àgbà tí yóò máa ṣe àkóso gbogbo ìlú orí òkè, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó bẹ̀rù Olúwa, tó kórìíra ojúkòkòrò. Aṣojú ọba tí ń jẹ́ Gemali yóò wá nígbà ìkórè láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Irú ẹni tí ọba ń wá yìí ní apá méjì, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, ìbẹ̀rù Olúwa àti ìkórìíra ojúkòkòrò. Elifeleti gbọ́ apá àkọ́kọ́, ayọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dúró gbọ́ ìkejì.

Ó pe Bukki, wọ́n jọ gbèrò. Bukki ní àdúrà tí bàbá ń gbà lórí òrùlé ló yẹ kí aṣojú ọba rí, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ilé wa gbogbo ló ní òrùlé pẹrẹsẹ, ibẹ̀ la ti ń sá ọkà, ibẹ̀ la ti ń gba atẹ́gùn, òfin Olúwa sì ni pé kí ẹni tó bá kọ́lé mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnì kan má bàa jábọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá wà lórí onílé. Odi ti Elifeleti dára, bàbá rẹ̀ ló mọ ọ́n. Àmọ́ Bukki ní láti gbàgede, láwàní àti irùngbọ̀n nìkan ni àwọn ènìyàn ń rí. Bí bàbá bá sì kúnlẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan mọ́ rárá. Gbogbo ìkúnlẹ̀ náà ń ṣòfò.

Elifeleti ronú sí ìkúnlẹ̀ tó ti ń ṣòfò láti ọdún wọ̀nyí, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n wó odi náà níhà gbàgede. Hogla dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó ń wo bí òkúta ṣe ń já sílẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Asuba, ṣebí òfin ló ní kí odi wà níbẹ̀?”

Ọkọ rẹ̀ ní, “Odi wà fún àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kéré. Olúwa fúnra Rẹ̀ ló ń di ẹsẹ̀ tèmi mú.”

Hogla ní ó dára, kó ṣáà má gbàgbé láti sọ fún Olúwa pé òun ti wó èyí tó ní kí wọ́n mọ. Elifeleti gbé ojú sókè, ó la apá, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Hogla padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

Ìyẹn nìkan ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán. Èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ẹ̀rín. Nílẹ̀ wa, bí a bá ń kórè, a kì í kórè dé igun oko. Igun oko jẹ́ ti opó, ti aláìníbaba àti ti àlejò, àwọn ló ń pèéṣẹ́ níbẹ̀, oúnjẹ ọdún wọn sì nìyẹn. Elifeleti dìde ní ẹnu ibodè, ó ní Ẹ̀mí ti bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní ìlú wo ló tíì fi igun oko rẹ̀ fún Olúwa tààrà? Ìlú gbogbo ń fún Un ní àkọ́so, ìlú gbogbo ń fún Un ní ìdámẹ́wàá, Gati-Ṣakedi nìkan ni yóò fún Un ní igun. Ó ní kí a kórè gbogbo igun, kí Bukki kó o, òun yóò sì fi ránṣẹ́ sí pẹpẹ ní Jerúsálẹ́mù tí àsìkò bá tó. Bukki ṣe Àmín kó tó dé ìparí gbólóhùn.

Jerioti wà níbẹ̀. Opó ni, ogun ọba ti pa ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló sì kù sí i lọ́rùn. Obìnrin náà kò ní oko, kò ní àgùntàn, ohun tó ní ni igun oko àwa ẹlòmíràn. Ó rọra dìde.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní. “Olúwa ló fún wa ní igun oko. Tí ẹ bá wá gba ohun tó fún wa lọ́wọ́ wa, tí ẹ gbé e padà fún un, ṣé ẹ̀bùn lẹ fún un ni, àbí ẹ pè é ní ẹni tó ń fúnni tó ń gbà á?”

Gbogbo ẹnu ibodè yíjú sí Elifeleti. Ìbéèrè ńlá ni, a sì ń retí ìdáhùn. Elifeleti gbé ojú sókè, ó la apá méjèèjì. Jerioti dúró gbọ́ àdúrà náà títí ó fi dárúkọ àwọn baba ńlá wa dé Ísákì, ó sì mú ọmọ tó kéré jù lọ́wọ́, ó lọ wá ewé ìgbẹ́ tí wọn yóò sè jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kórè igun oko o. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú ló ń fi ata sẹ́nu. A mọ̀ pé kò dára, a ń kùn ní ìsàlẹ̀, a sì ń kórè, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń ṣahun sí Olúwa? Ṣuhamu nìkan ló dá igun tirẹ̀ sí. Nígbà tí Bukki lọ bá a, ó ní òun kò gbọ́ dáadáa, etí ń dun òun. Àmọ́ oko rẹ̀ kékeré ni, ohun tó wà ní igun rẹ̀ kò lè bọ́ gbogbo opó ìlú, ìgbà tí Jerioti sì pín tirẹ̀ níbẹ̀, kò ju ohun tí yóò gbọ́ ẹnu àwọn ọmọ náà fún ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Bukki ń lọ, ó ń bọ̀. Ìtí ọkà kò sì gba ọ̀nà Jerúsálẹ́mù. Wọ́n kó o jọ sí àgbàlá Elifeleti, lábẹ́ òrùlé níhà gbàgede, wọ́n fi aṣọ onírun ewúrẹ́ bò ó, wọ́n fi ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, Bukki á ní àgọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, ibẹ̀ ni bàbá ti ń ṣàṣàrò. Àgọ́ náà ń ga sí i lójoojúmọ́. A rò pé àṣàrò ló ń pọ̀.

Gemali dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan lórí ìbaaka. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, tí eruku bo bàtà rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bukki ti tò wá sí gbàgede láti àárọ̀, ó ti fi ibi tí a óò ti mí kanlẹ̀ hàn wá, ó sì ti yan àwọn tí yóò sunkún. Ó wá jáde, ó kéde pé ènìyàn mímọ́ ìlú wa kò mọ̀ pé àlejò wà, pé wákàtí ẹbọ ìrọ̀lẹ́ ló tó, àdúrà ojoojúmọ́ ló fẹ́ gbà. Ni Elifeleti bá yọ lórí òrùlé nínú aṣọ funfun báláú, wajawaja tuntun ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ la rí i. Kí n sọ òtítọ́, ó wu ojú.

“Ìwọ Olúwa,” ó ké, “Ìwọ tí o mọ̀ mí ju bí ọba ṣe mọ̀ mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣojú rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn lápá òsì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ pé láti Dani títí dé Beeri-Ṣeba, ìrẹ̀lẹ̀ mi kò ní ẹgbẹ́!”

“Àmín!” ni Bukki wí.

Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n Elifeleti di ojú pinpin, ìdùnnú sì ti gbé e. Ó dárúkọ Ábúráhámù, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó dárúkọ Ísákì, ó gbé òmíràn. Hogla tó wà ní ẹnu ọ̀nà pè é ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ní Bàbá Asuba, ó tó bẹ́ẹ̀. Bukki ṣe ṣíọ̀ sí i. Elifeleti la apá, ó ní ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa kò nílò odi, pé ẹsẹ̀ òun kì yóò yẹ̀ láéláé. Ó dárúkọ Jákọ́bù. Ibi tí Jákọ́bù wà, òrùlé ti tán.

A rí láwàní, a rí àtẹ́lẹsẹ̀, a rí láwàní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó já sórí àgọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, aṣọ àgọ́ ya fàà, ọgbà ẹ̀gún wó, ìtí ọkà sì tú jáde bí omi tó ya bèbè, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ ìbaaka Gemali. Bukki tó di ojú pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ gbì náà, ó rò pé ìparí àdúrà ni.

“Àmín!” ni Bukki wí.

A sáré síbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ hàn, a sì fà á. Egungun kan kò ṣẹ́ lára rẹ̀. Irun ọkà báálì kún irùngbọ̀n rẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ wà ní ihò imú, síbẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán tó fi na ọwọ́ sókè tó ń kéde iṣẹ́ ìyanu. Ó ní áńgẹ́lì ti gbé òun, ó ní gbogbo wa rí i.

Jerioti ti wọ àárín èrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìtí kan nílẹ̀, ó wò ó, ó sì nà án sí Elifeleti.

“Kì í ṣe áńgẹ́lì, bàbá. Igun oko wa ló gbà yín.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gemali wo ọkà, ó wo obìnrin náà, ó wo àwọn ọmọ tó di aṣọ rẹ̀ mú, tí ọrùn wọn tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú wo òrùlé. Ó yíjú sí Elifeleti, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan péré, ó ní odi òrùlé yìí dà?

Ẹ ti mọ ohun tí Elifeleti ṣe. Ó gbé ojú sókè, ó la apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n Gemali kò lọ sílé bíi tiwa. Ó wá òkúta kan jókòó lé, ọ̀kan nínú àwọn òkúta odi tí wọ́n wó ni, ó mú búrẹ́dì àti èso ólífì jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ké sí àwọn ọmọ Jerioti, wọ́n jọ ń jẹun. Elifeleti gbàdúrà dé Mósè. Gemali bọ́ ólífì sẹ́nu. Elifeleti rí i pé ọkùnrin yìí kò lọ, ó bá yí padà sẹ́yìn, ó gba ti Nóà, ó bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ fún àwọn ẹranko inú ọkọ̀ ní méjì méjì. Ohùn ti ń há. Ó dé orí kọ̀ǹkọ̀. Oòrùn ń wọ̀, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa ń ti ilé jáde, Bukki kò sì tíì jẹun láti àárọ̀ nítorí ìmúra. Nígbà tí Elifeleti mí láti bẹ̀rẹ̀ orí aláǹgbá, ara Bukki kò gbà á mọ́.

“Àmín,” ni Bukki wí.

“Àmín,” ni Gemali náà wí. Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ. “Bàbá, odi òrùlé yín dà?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, Elifeleti dáhùn ìbéèrè. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, “Mo wó o. Àwọn ènìyàn kò rí mi ni.”

“Òkè ni Olúwa ti ń wò yín,” ni Gemali wí. “Odi kò dí I lójú.”

Ìdájọ́ kò gùn. Gemali ní kí àwọn opó kó ọkà wọn kí oòrùn tó wọ̀ tán, kí Bukki sì fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ bá wọn gbé e délé, ilé Jerioti ni kó kọ́kọ́ dé. Ó ní Elifeleti kò gbọdọ̀ jókòó ní ẹnu ibodè mọ́, àti pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi mọ odi náà padà. Ní ti adájọ́ àgbà, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ àdúrà ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà, etí òun ti kún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń wo oko kiri, ó ń wo igun wọn. Gbogbo igun ló mọ́ tónítóní, ojú sì tì wá. Ó dé oko Ṣuhamu, ó rí ibi tí wọ́n ti pèéṣẹ́. Ó gun òrùlé rẹ̀. Odi ibẹ̀ ga dé àyà, nítorí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣeré níbẹ̀. Ó ní kó kúkú gbàdúrà kan, kí òun mọ ohùn rẹ̀. Ṣuhamu ní, “Olúwa, o ṣé. Ràn wá lọ́wọ́.” Gemali dúró bóyá ó kù, kò kù, ó sì fi òróró yàn án.

Elifeleti mọ odi rẹ̀. Hogla ló ń po amọ̀ fún un, kò sì bú u, ó kàn ń gbé òkúta tó tóbi jù fún un ni. Nígbà tí odi parí, a kò rí ju ṣóńṣó láwàní lọ. Ó wá àpótí kan tó ń gùn lé, láwàní bá tún ga sí i, ṣùgbọ́n Hogla ní òun nílò àpótí fún ìyẹ̀fun, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ sí kúrú. Kò sí ẹni tó ń wò ó, kò sì sí Bukki, tó ti rí iṣẹ́ darandaran, tí àwọn àgùntàn rẹ̀ sì mọ Àmín dáadáa.

Nígbà ìkórè ọdún kejì, a gbọ́ pé Elifeleti ti dá igun oko rẹ̀ sí. Kì í ṣe igun nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìdajì oko sí, ó ṣáà jẹ́ Elifeleti síbẹ̀. Jerioti ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n pèéṣẹ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń darí lọ sílé pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n gba abẹ́ òrùlé náà kọjá ní wákàtí ẹbọ ìrọ̀lẹ́. A kò rí ẹnikẹ́ni lókè, a kàn gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ kan tí ń kùn lẹ́yìn odi. Jerioti dúró, ó gbé ojú sókè.

“Ẹ kú àdúrà o, bàbá,” ó ní. “A ti gbọ́ ọ lóko.”